Ohun Tí Mo Sọ fún Ìbídùn Nígbà Tí Odó Ń Dún

Wá, súnmọ́ ògiri. Ilẹ̀ ti ń ṣú,
gbogbo Ọ̀gọ̀tún ti gbé ọmọ odó dání,
mo sì ti rí ọwọ́ rẹ méjèèjì ní etí.
Má ṣàlàyé. N kò ní bi ọ́ ní ìdí.

Àwọn kan ń gbọ́ odó bí odó.
Ìwọ ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àyà rẹ
tí kò sì fẹ́ kí o ṣí i, tó kàn ń kàn án ṣáá:
gbì, nínú orí. Gbì, nínú eyín.
O sọ fún mi lánàá pé ti ilé Fálùyì pupa,
pé ti ìyàwó pásítọ̀ àwọ̀ eérú ni.
Mo rẹ́rìn-ín. Má bínú.
Mo padà lọ tẹ́tí sí i nígbà tí o sùn,
n kò rí pupa kankan,
ṣùgbọ́n mo gbà pé o rí i.

Dókítà tó wà l'Ádó pe orúkọ gígùn kan.
Mo ti gbàgbé rẹ̀ kí mọ́tò wa tó dé Ìláwẹ̀.
Mo bi í pé, ṣé àìsàn ni? Ó ní rárá.
Ṣé ẹnìkan ló ṣe é? Ó ní rárá, Màmá,
bí wọ́n ṣe hun ọpọlọ rẹ̀ nìyẹn.
Hun! Ó sọ ọ́ lójú ahunẹní.
Mo nu ojú mi. Híhun, mo mọ̀ ọ́n.

Wo ẹní tí o jókòó lé.
Ọdún tí mo lóyún bàbá rẹ ni mo hun ún,
ọwọ́ mi yà, ọ̀nà ara rẹ̀ gba ìbú lọ dípò òòró.
N kò sọ pé ó sàn ju àwọn yòókù lọ.
Nígbà mìíràn ó máa ń gún ni lẹ́yìn.
Ẹní ni. A ti fi bí ọmọ mẹ́ta sórí rẹ̀.

Ìbídùn, èmi náà.
Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ
n kò lè jẹ ohun tó bá kan ara wọn nínú abọ́.
Wọ́n nà mí. Wọ́n ní fújà ni.
Mo bá dùbúlẹ̀, mo ń ka igi àjà ilé wa:
mẹ́tàdínlógójì.
Ilé náà ti wó, iye rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu mi.
Àádọ́ta ọdún ni mo fi ń bẹ orí mi
pé kó jọ ti ẹlòmíràn.
Kò dá mi lóhùn. Ó ń ka igi.

Ní ti ilé ìwé, mo ti lọ bá Tíṣà Fáṣùbàá.
Mo ní bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ tó ń wo bàtà yín,
etí ló fi ń wò yín.
Ó ní ogójì ọmọ ló wà níwájú òun.
Mo ní mo mọ̀. Mo gbé ẹní kékeré kan fún un
kó tẹ́ ẹ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù
fún ọmọ tí ariwo bá kún etí rẹ̀.
Ta ló kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀?
Dáísí, ọmọ ọlọ́kadà, tí ìdí rẹ̀ kì í gbé àga.
Ìwọ lo sún fún un.
O kò wò ó. O na ọ̀pá eéran kan sí i,
èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ó gbà á.
Ẹ kò sọ nǹkan kan títí aago fi lù.
Tíṣà ní kí ni kí òun pe ìyẹn nínú ìwé òun.
Mo ní kó kọ ọ́ pé ọ̀rẹ́.

Ó ti ń rọlẹ̀, àbí? Ilé Fálùyì ti dákẹ́.
Ó ku ẹyọ kan. Ta ni?
Eérú, o ní.
Yọ ìka kan kúrò ní etí bí o bá fẹ́.
Bí o kò bá fẹ́, fi síbẹ̀.
Mo ń lọ gún tiwa lẹ́yìn ilé, nísàlẹ̀, lábẹ́ kòkó,
uyán nínú abọ́ tirẹ̀, ọbẹ̀ nínú abọ́ tirẹ̀.
Kò sẹ́ni tí yóò pò wọ́n pọ̀.